Bí A Ṣe Ń Ka Òkìtì àti Yàrà Ilé Olódi Àwọn Norman

Tí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Euston, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ń lọ sí Berkhamsted, ẹ jókòó sí apá ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń sún mọ́ ibùdókọ̀, ẹ ó rí àwókù ògiri òkúta ilé olódi kan nínú pápá, ẹ ó sì rí òkìtì ńlá kan tí koríko bò. Ògiri yẹn ni ọ̀pọ̀ èrò máa ń ya fọ́tò rẹ̀. Òkìtì ni kí ẹ wò. Ògiri dé lẹ́yìn; erùpẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ní ọ̀pọ̀ ibi káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, erùpẹ̀ nìkan ló sì ṣẹ́ kù. Ẹni tó fẹ́ dé irú ibi bẹ́ẹ̀ kó sì mọ ohun tó ń wò ni mo kọ èyí fún, torí mo ti rí àwọn òbí tó kó ọmọ débẹ̀, tí wọ́n ní koríko lásán nìyí, tí wọ́n sì yíjú padà kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Ó máa ń dùn mí.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1066 ni William, olórí ilẹ̀ Normandy ní Faransé, gúnlẹ̀ sí Pevensey, ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọmọ ogun rẹ̀, àwọn Norman. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ló ṣẹ́gun Harold, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítòsí Hastings. Àwọn tó bá a wá kéré níye láàárín àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun, wọn kò sì ní àsìkò láti máa to òkúta. Nítorí náà, wọ́n gbẹ́ yàrà róbótó, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ sáàárín títí ó fi di òkìtì, wọ́n sì fi igi kọ́ ilé ìṣọ́ sórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì náà, wọ́n gbẹ́ yàrà mìíràn yí ilẹ̀ gbalasa kan ká, wọ́n fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ odi, wọ́n ri igi ṣóńṣó mọ́ orí odi náà. Òkìtì yẹn ni wọ́n ń pè ní motte, ilẹ̀ tí odi yí ká ni bailey. Àwọn ará ìlú ni wọ́n fi tipátipá kó síṣẹ́ náà. Ìwé Domesday, àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti dúkìá tí wọ́n ṣe lọ́dún 1086, sọ pé ilé 166 ló parẹ́ ní Lincoln nítorí ilé olódi tí wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ẹ fi àwọn onílé wọ̀nyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá gun òkìtì, tí ojú ọ̀run mọ́, tí ohun gbogbo rẹwà.

Ẹni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sínú Eredo Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí ilẹ̀ yàrà sí orí odi ti tó nǹkan bíi mítà 20 ní àwọn ibì kan, kò nílò kí n ṣàlàyé yàrà fún un. Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ yìí tipẹ́. Yàrà ni mo ó máa pè é, odi ni mo ó máa pe erùpẹ̀ tí wọ́n mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òkìtì ni motte, àgbàlá ni bailey. Tí ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lórí máàpù nìkan ni ẹ ó nílò àwọn orúkọ àjèjì méjì yẹn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá a lórí máàpù kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máàpù Ordnance Survey aláwọ̀ ọsàn, èyí tí wọ́n ń pè ní Explorer, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:25,000. Ohun àtijọ́ tí kì í ṣe ti àwọn ará Róòmù ni wọ́n máa ń kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà dúdú oníwo bíi ti Bíbélì àtijọ́. Bí ẹ bá rí "Motte & Bailey" ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ọ̀kan. Ẹ wo àwọn ìlà kéékèèké tó yí i ká bí irun ìpéǹpéjú: orí ìlà tó nípọn ni òkè, ibi tó ti tín-ín-rín ni ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá lè ka ìlà wọ̀nyí ti mọ ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ kó tó débẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ojú òpó National Library of Scotland. Ọ̀fẹ́ ni àwọn máàpù àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì wà nínú wọn. Èyí tí wọ́n yà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló wúlò jù, torí pé ó fi òkìtì hàn kí wọ́n tó kọ́ ilé àti ibi ìgbọ́kọ̀sí lé yàrà rẹ̀ lórí. Ẹ tẹ orúkọ abúlé náà sínú National Heritage List ti àjọ Historic England pẹ̀lú. Ẹ ó ka àlàyé lórí ohun tó wà níbẹ̀, ẹ ó sì rí ààlà ilẹ̀ tí òfin dáàbò bò.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àwòrán LIDAR. Àjọ Environment Agency fi bàálù gbé iná léésà kọjá lórí ilẹ̀, kọ̀ǹpútà sì yọ igi àti ewé kúrò, ó ku ìrísí ilẹ̀ nìkan. Òkìtì tí igbó ti bò, tí èèyàn lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìfura, yóò yọ gbangba. Ohun kan máa ń tan ojú jẹ níbẹ̀: nígbà mìíràn òkìtì á rí bí ihò, yàrà á rí bí odi. Ibi tí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ti ń wá ló fà á. Ẹ yí àwòrán náà po títí tí ìmọ́lẹ̀ á fi dà bí èyí tó ń ti òkè wá, ojú yín á sì túnṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mú àsìkò

Ìgbà òtútù ni àsìkò rẹ̀, láti oṣù kejìlá títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Koríko ti kúrú, èsìsì ti kú, oòrùn kì í sì í gòkè púpọ̀. Ní kùtùkùtù tàbí nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán, òjìji á gùn, odi tí kò ga ju orúnkún lọ á sì sọ ara rẹ̀ di mímọ̀. Tí ìrì dídì bá bọ́ lóru, ó máa ń pẹ́ nínú yàrà lẹ́yìn tó ti yọ́ lórí odi, tí gbogbo ìrísí ibẹ̀ á fi dà bí ohun tí wọ́n fi ẹfun kọ. Mo ti lọ sí ibì kan náà lóṣù keje àti lóṣù kìíní. Bí ẹni pé ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní àǹfààní kan ṣoṣo: bí òjò bá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, koríko tó wà lórí ìpìlẹ̀ òkúta máa ń tètè gbẹ, yóò sì fi ojú ògiri tó wà lábẹ́ ilẹ̀ hàn.

Ẹ wọ bàtà òjò. Ẹ mú ọ̀pá ìtilẹ̀, téèpù oní mítà 30, ìwé, àti pẹ́ńsùlù. Bírò kì í kọ lórí ìwé tó tutù. Fóònù tó ní atọ́ka ibi tí àríwá wà ti tó fún ìyókù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: inú yàrà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló máa ń sáré gun òkìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Yàrà ló bí òkìtì. Ohun tí wọ́n gbẹ́ kúrò nísàlẹ̀ ni wọ́n gbé sókè, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ni òkè máa ń yé.

Ẹ rìn yí gbogbo rẹ̀ ká bí ilẹ̀ bá gbà yín láyè. Bí ẹ ṣe ń lọ, ẹ máa rántí pé yàrà tí ẹ ń wò ti kún. Ọdún tó lé ní 900 ni òjò fi ń fọ erùpẹ̀ òkìtì padà sínú rẹ̀ tí ewé sì ń jẹrà níbẹ̀, nítorí náà ó jìn nígbà náà ju bó ṣe rí lónìí lọ, ẹsẹ̀ òkìtì sì gùn sí ìsàlẹ̀ ju ibi tí ojú yín ti rí i pé ó dúró. Ẹni tó ń bọ̀ láti gbógun ní láti sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun yìí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń yọ̀, tí òkò àti ọfà sì ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ dúró sí ìsàlẹ̀ kí ẹ gbójú sókè. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn Norman ti máa ń wọ̀ mí lára.

Yàrà á dé ibì kan tí á já, tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ á kọjá lórí rẹ̀ bí afárá. Ẹ dúró síbẹ̀, torí ìbéèrè ńlá wà níbẹ̀: ṣé ẹnu ọ̀nà àtijọ́ ni, àbí àgbẹ̀ kan ló dí i lẹ́yìn náà kí màlúù àti katakata lè kọjá? Ẹ wo ìparí odi ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí méjèèjì bá parí rọ́bọ́tọ́, tí wọ́n kọjú síra wọn, tí yàrà náà sì parí rọ́bọ́tọ́ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà gidi. Bí ó bá dà bí ẹni pé wọ́n gé odi lójijì, tí erùpẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú yàrà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni. Odi ni wọ́n bì sínú yàrà.

Láàárín òkìtì àti àgbàlá pẹ̀lú, yàrà máa ń wà. Igi ni wọ́n fi ń ṣe afárá ibẹ̀, igi náà sì ti jẹrà. Ṣùgbọ́n a mọ bó ṣe rí, torí aṣọ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní ti Bayeux, èyí tó fi àwòrán sọ ìtàn ogun William, fi í hàn: ní Dinan, ní Faransé, afárá náà fò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè òkìtì, àwọn ọmọ ogun ń fi iná ran ilé igi, ẹni tó wà lókè sì ń fi ṣóńṣó ọ̀kọ̀ na kọ́kọ́rọ́ sí àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ wá ibi tí etí òkìtì ti rẹlẹ̀ díẹ̀ ní apá tó kọjú sí àgbàlá. Ó ṣeé ṣe kí orí afárá ti wà níbẹ̀.

Ẹ má retí omi ní gbogbo yàrà. Lórí òkè tàbí lórí ilẹ̀ ẹfun, gbígbẹ ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Berkhamsted wà nínú àfonífojì olómi ní tirẹ̀, yàrà rẹ̀ sì jẹ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn, èyí tí kò wọ́pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gun òkìtì, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n

Tí àtẹ̀gùn bá wà, àtẹ̀gùn ni kí ẹ gbà. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ wọn gíga rẹ̀; kò gba ju ojú àti ẹsẹ̀ lọ. Ẹ wọn ìwọ̀n láti ilẹ̀ dé ojú yín. Ká ní ó jẹ́ mítà 1.6. Ẹ dúró ní ẹsẹ̀ òkìtì, ẹ wo ọ̀kánkán gbọnrangandan láìgbójú sókè láìrẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ojú yín ti kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ẹ lọ dúró sí ibẹ̀, kí ẹ tún wò bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kà á títí ẹ ó fi dé orí. Bí ó bá jẹ́ ìgbà méje àti ààbọ̀, òkìtì náà ga tó mítà 12, bíi ti Berkhamsted gan-an. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn kí ẹ fi wé tiyín.

Òkìtì Berkhamsted fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 55 nísàlẹ̀, ó sì tó 18 lókè. Lórí rẹ̀, ẹ ó rí kànga àti ìpìlẹ̀ ilé òkúta tí wọ́n fi rọ́pò ti igi. Lórí òkìtì mìíràn, kòtò kan ṣoṣo ni ẹ ó bá láàárín. Ẹ má tètè sọ pé ilé ìṣọ́ ló wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ kànga, ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti hú òkúta lọ kọ́ ilé mìíràn, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó wá dọdẹ ìṣúra.

Òkìtì kì í ṣe erùpẹ̀ tí wọ́n kàn dà jọ. Níbi tí aṣọ Bayeux ti fi kíkọ́ òkìtì Hastings hàn, oríṣiríṣi àwọ̀ ni wọ́n fi kùn ún, ìpele lórí ìpele, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn sì gé àwọn òkìtì kan wò, wọ́n bá irú ìpele bẹ́ẹ̀: amọ̀, òkúta wẹ́wẹ́, ilẹ̀ dúdú, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra kó má bàa ya. Bí ẹ bá rí ibi tí ehoro ti gbẹ́ ihò, ẹ lè wo àwọ̀ erùpẹ̀ tó tú síta. Ẹ má fọwọ́ gbẹ́ ẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá wọ àgbàlá

Inú àgbàlá ni ìgbé ayé wà: ilé ìdáná, gbọ̀ngàn, ibùjẹ ẹṣin, ilé ìjọsìn, ibi tí wọ́n ti ń rọ irin. Lónìí àgùntàn ló ń jẹ koríko níbẹ̀. Awalẹ̀pìtàn Philip Barker bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ àgbàlá Hen Domen, nítòsí Montgomery ní Wales, lọ́dún 1960, iṣẹ́ náà sì gba ọ̀pọ̀ ọdún. Roger ti Montgomery, ìjòyè Norman kan, ló kọ́ ilé olódi yẹn ní àwọn ọdún 1070. Láìsí òkúta kan lójú ilẹ̀, wọ́n rí ojú ihò òpó àti ipa àwọn ilé igi tó kún fọ́fọ́, tí wọ́n ń wó tí wọ́n sì ń tún kọ́ léraléra. Nítorí náà, bí àgbàlá bá dà bí ibi òfìfo lójú yín, kì í ṣe òfìfo.

Ẹ rìn lórí odi rẹ̀ kí ẹ máa wo inú. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bíi pèpéle kékeré, torí pé ilé lè ti wà níbẹ̀. Àgbàlá lè ju ẹyọ kan lọ: méjì ló wà ní Windsor, òkìtì sì wà láàárín wọn.

Nígbà mìíràn, abúlé ló bá àgbàlá mu. Ní Pleshey, ní Essex, inú odi ìta ni abúlé náà tẹ̀dó sí. Ilẹ̀ oníǹkan ni òkìtì àti àgbàlá rẹ̀, ẹ ò lè ṣàdédé wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè rìn ní abúlé kí ẹ wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ̀ kọ́rọ́ tẹ̀lé yàrà. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, ìlú kékeré tí òpópónà rẹ̀ bá ṣàdédé tẹ̀ bí ọrun láìsí òkè tàbí odò tó fà á, mo máa ń béèrè yàrà tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ya ọjọ́ orí erùpẹ̀ sọ́tọ̀

Kì í ṣe gbogbo òkìtì ni ti Norman. Àwọn ará ìgbà idẹ sin òkú wọn sábẹ́ òkìtì, ṣùgbọ́n tiwọn sábà máa ń rẹlẹ̀, kò sì ní àgbàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ọlọ afẹ́fẹ́ lé òkìtì kéékèèké. Àwọn olówó mọ òkìtì sínú ọgbà òdòdó kí wọ́n lè máa wòran láti orí rẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé àwọn ọdún 1640, wọ́n mọ erùpẹ̀ fún ìbọn ńlá. Ilé tí yàrà olómi yí ká láìsí òkìtì kankan sábà máa ń jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹtàlá tàbí ìkẹrìnlá. Ohun tí mo máa ń wá ni mẹ́ta pa pọ̀: yàrà tó fẹ̀, àgbàlá tó lẹ̀ mọ́ òkìtì, àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tàbí ibi ìsọdá odò tí kò jìnnà.

Ní ibì kan náà pàápàá, erùpẹ̀ kì í jẹ́ ẹgbẹ́. Òkìtì Thetford ní Norfolk wà lára èyí tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Norman ló sì mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n odi àti yàrà onílọ̀ọ́po méjì tó wà ní apá àríwá rẹ̀ ti wà níbẹ̀ ní ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ kí wọ́n tó dé, iṣẹ́ àwọn ará ìgbà irin ni. Odi olódi ni wọ́n bá nílẹ̀, wọ́n sì mú un lò.

Berkhamsted tún ní tirẹ̀. Ní etí ìta, lápá àríwá àti ìlà-oòrùn, ẹ ó rí àwọn gegele erùpẹ̀ tó yọrí jáde. Lóṣù kejìlá ọdún 1216, Louis, ọmọ ọba Faransé, dó ti ilé olódi náà, ó sì fi ẹ̀rọ ajùkò lù ú fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó túúbá. Àwọn kan gbà pé òun ló mọ gegele wọ̀nyẹn fún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn mìíràn ní ara odi ni. Ẹ dúró lórí ọ̀kan, kí ẹ wo ibi tó kọjú sí, kí ẹ sì dá a rò fúnra yín. Ní apá gúúsù, òkè gígùn tó tẹ́jú jù láti jẹ́ ti àtijọ́ ni ti ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí Birmingham ní àwọn ọdún 1830, òfin tí ilé aṣòfin ṣe lọ́dún 1833 ní kí wọ́n má ba ilé olódi náà jẹ́. Síbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ìta lápá gúúsù bá iṣẹ́ náà lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ yà á

Ẹ má ro pé fọ́tò ti tó. Fọ́tò máa ń sọ òkìtì di pẹrẹsẹ. Ẹ ya ìlà etí òkè òkìtì, lẹ́yìn náà ìlà ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi ẹsẹ̀ ka ààyè tó wà láàárín wọn. Ẹ wá fa àwọn ìlà bí irun ìpéǹpéjú láti òkè wá sísàlẹ̀, kí orí wọn nípọn. Níbi tó ga gan-an, ẹ jẹ́ kí ìlà sún mọ́ra. Níbi tó rọra dà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún odi àti yàrà, kí ẹ fi ọfà tọ́ka àríwá. Ọwọ́ tó ń yà á ló ń fipá mú ojú láti pinnu ibi tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí.

Ohun tí òfin wí

Òfin ọdún 1979 lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé dáàbò bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ibi wọ̀nyí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni láti wa ilẹ̀ níbẹ̀ láìgba àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni láti gbé ẹ̀rọ tí ń wá irin kọjá lórí rẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ Historic England, ẹni tó ni ilẹ̀ ìbáà gbà, ìbáà kọ̀. Ilẹ̀ oníǹkan ni púpọ̀ nínú wọn, nítorí náà ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí máàpù fi hàn ni kí ẹ tẹ̀lé, ẹ so ajá, ẹ sì yẹra fún pápá tí àgùntàn ti ń bímọ lọ́wọ́.

Ohun tó ń pa òkìtì jù, ẹsẹ̀ èèyàn wà nínú rẹ̀. Ibi kan tí koríko bá ti ṣí, òjò á gbẹ́ ẹ, á di ojú àgbàrá, ìpele tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn á máa ya lọ. Mo ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí alùpùpù la sí méjì. Kò sí ẹni tó lè dá erùpẹ̀ yẹn padà bó ṣe wà. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá tutù, ẹ gba ojú ọ̀nà tó ti wà, ẹ má la òmíràn. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń wa ilẹ̀, ẹ pe ọlọ́pàá lórí 101.

Ibi tí ẹ lè lọ, ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Berkhamsted. Kò sí owó ìwọlé, kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ rárá. Thetford ni kó tẹ̀lé e. Ọ̀fẹ́ lòun náà, inú ìlú ló wà, gíga rẹ̀ á sì yà yín lẹ́nu. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ lọ rìn ní Pleshey.

Ẹ fi Laxton ní Nottinghamshire ṣe ìkẹyìn. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ló dé ibẹ̀. Kò sí ògiri kan tó máa fa ojú yín: yàrà, odi àti òkìtì nìkan ni, òkìtì kékeré kan sì tún wà lórí òkìtì ńlá. Abúlé náà ṣì ń dáko lọ́nà àtijọ́, tí oko ńlá kan jẹ́ ti ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, tí oníkálukú sì ní ìlà tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi máàpù sápò. Ẹ rìn yí yàrà ká, kí ẹ wá ẹnu ọ̀nà àgbàlá fúnra yín, kí ẹ tó yọ máàpù jáde láti wò ó bóyá ẹ gbà á.